Ìbọn Tó Ń Dún Lẹ́yìn Ògiri Wa

Bí ìyá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa bá sín nínú ilé tiwọn, màmá mi á ti inú yàrá ṣàdúà fún wọn pé kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ògiri wa ṣe fẹ́lẹ́ tó. Ilé káńsù ni, ilé ìjọba ìbílẹ̀, ní Peckham, àjà kẹta. Bí èèyàn bá na ọrùn díẹ̀ lójú fèrèsé ilé ìdáná, á rí Old Kent Road. Mo ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé etí mi ti kú sí ariwo. Bọ́ọ̀sì ń lọ, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ara gáréèjì, ẹnì kan ń fi ẹ̀rọ lu ògiri lókè, n kò gbọ́ ọ̀kankan. Màmá mi ló ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìwó ni wọ́n ti wá, etí Ìwó ni wọ́n sì gbé wá sí London.

Èmi ni mo mú wọn wá. Wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀ nílé, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì ti ń dùn wọ́n láti ìgbà náà. Nígbà tí mo bi wọ́n bó ṣe ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n sọ fún mi kò ju, "Kò tó nǹkan, mo yọ̀ ni." Baba wa ti kú, àwa ọmọ ti fọ́n ká, kò sí ẹni tó kù nínú ilé ńlá yẹn àfi wọn. Mo sáré ìwé títí ìwé fi jáde, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ọ̀rọ̀ ò tán. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní Brockley. Lójoojúmọ́ ni mo máa ń lọ wẹ ìyá oníyàá, tí màá fún baba oníbaba lóúnjẹ, ìyá tèmi á sì dá jókòó nílé títí màá fi dé. Ọmọbìnrin mi, tí mo bí síbí, ń lọ sí yunifásítì. Bí òun náà bá wà nílé, fóònù ló ń wò.

"Ẹ so mí mọ́lẹ̀ bí àgbò iléyá," ni Màmá máa ń wí. "Ọ̀tọ̀ ni ká jẹun, ọ̀tọ̀ ni ká rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Tí a bá ti ṣọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ tán, ẹ dá mi padà sílé mi."

Tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ wà nínú àpò ọwọ́ wọn, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á wò ó, wọ́n á dá a padà. Inú mi kì í dùn bí mo bá rí i. Ẹ̀rù ilé yẹn ń bà mí. Ohun tí mo ń fẹ́ nígbà náà kò ju kí Màmá dúró tì mí lọ, ṣùgbọ́n ta ló tó láti fi agbára mú ìyá rẹ̀?

Ibi tí a bá a dé nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí fóònù mi dún níbi iṣẹ́. Màmá ni. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ọkùnrin kan fẹ́ pa ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí."

"Ọkùnrin wo, Màmá?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ohùn rẹ̀ tutù minimini. Ọkùnrin tí inú bá ń bí tí ohùn rẹ̀ tutù báyẹn, ìpinnu ló ti ṣe. Ìyàwó ń sunkún. Ó ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá sí i. Wọn kì í là jà níbí. Ẹ jẹ́ kí n parí shift mi, màá call police tí mo bá délé."

"Tí o bá délé? Ṣé wọ́n á máa dúró dè ọ́ ni?" Inú ti ń bí wọn. "Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò burúkú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru."

Wọ́n pa fóònù mọ́ mi létí. Mo mọ ìyá mi. Mo bẹ ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ pé kó bá mi dúró, mo sì sáré wọ bọ́ọ̀sì.

Ẹni tí kò bá gbé agbo ilé rí lè má mọ ohun tí Màmá lọ ṣe. Ní ilé wa, bí ọkùnrin bá ń lu ìyàwó rẹ̀, àwọn ìyá àgbà inú agbo ilé ló máa ń wọlé tọ̀ ọ́. Wọn kì í bá a jà. Wọn kì í bi í ẹni tó jẹ̀bi. Wọ́n á kàn kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó forí jìn ín nítorí tiwọn. Kò sí bí inú ṣe lè bí ọkùnrin tó tí ojú kò ní tì í bí ẹni tó tó ìyá rẹ̀ bá wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tú ìlú rẹ̀ ṣe. Mo ti rí i lójú ara mi ní kékeré, ó sì máa ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé mo lè rí i ní Peckham láéláé.

Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè ṣí lájà kẹta, obìnrin mẹ́ta ni mo bá níwájú ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ wa. Méjì wà lórí ìkúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn tí àwọn àti Màmá jọ ń ṣe àsàlátù lọ́jọ́ Sunday ni, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Màmá ti pè wọ́n jáde nínú ìsinmi tí wọ́n rọra gbà lọ́jọ́ náà. Màmá kò lè kúnlẹ̀ nítorí ẹsẹ̀, wọ́n di ògiri mú, wọ́n tẹ̀ ba bí wọ́n ṣe lè tẹ̀ ba tó.

"Ẹ forí jìn ín, ọkọ wa," ni wọ́n ń wí. "Ẹ má wo tirẹ̀, tiwa ni kẹ́ ẹ wò."

Èmi náà gbọ́ ọ. Ohùn ọkùnrin kan ń sọ òyìnbó jẹ́jẹ́, ohùn obìnrin ń gbọ̀n, bàtà ń lọ kò-kò-kò lórí pákó. Gbogbo nǹkan dákẹ́. Ni ìbọn bá dún.

Àwọn obìnrin ìsàlẹ̀ pariwo "Lā ilāha illallāh!" Ọ̀kan dọ̀bálẹ̀ pátápátá. Màmá gbá ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ilẹ̀kùn ṣí, ìyá àgbà funfun kékeré kan sì yọjú pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́ àti ẹ̀rọ ìgbọ́ràn létí. Lẹ́yìn wọn, orin ìparí eré ti ń dún.

Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Rédíò ni. Eré orí rédíò ni, irú èyí tí wọ́n máa ń ṣe nígbà tí kò tíì sí tẹlifíṣọ̀n nílé ẹnikẹ́ni, tí wọ́n á máa gbé ọkàn ẹni sókè láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Etí ìyá náà ti wúwo, ni wọ́n ṣe ń yí i sókè tó bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lédè òyìnbó, sọ́rì lọ́tùn-ún, sọ́rì lósì.

"Bi wọ́n léèrè ọkọ wọn," ni Màmá wí. Ojú wọn ṣì wà nínú ilé onílé.

Mo bi wọ́n. Wọ́n ní ọkọ àwọn ti kú. Òun ló ní àwọn kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gba eré náà sí, ó kó wọn jọ kún odindi kọ́bọ́ọ̀dù kan, àwọn sì máa ń gbọ́ ọ nítorí pé ilé ti dákẹ́ jù. Wọ́n wo àwọn tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n bi mí pé kí ni wọ́n ń ṣe nílẹ̀. Mo sọ fún wọn: wọ́n ń bẹ ọkọ yín kó má pa yín ni.

Ìyá àgbà náà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní láti ìgbà ìsìnkú ọkọ àwọn, ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn yẹn kò ju àwọn tó ń gbé ẹrù ẹlòmíì ṣìnà wá lọ. Ni wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, wọ́n ní ká wọlé wá mu tíì. Mo ti ń wá àwáwí, àṣé Màmá ti bọ́ bàtà wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín kú nígbà tó gbọ́. "Grandma, it's just a play, innit! Ẹ̀yin àti àwọn gang yín!"

"Yé é fi mí ṣe yẹ̀yẹ́," ni Màmá dá a lóhùn. "Kí wọ́n tó bí ìyá rẹ ni mo ti mọ eré orí rédíò. Asọ̀rọ̀mágbèsì wà lára ògiri ní pálọ̀ baba mi. Bí ó bá tó àkókò eré, gbogbo àdúgbò ló máa ń wá síbẹ̀, àwọn tí kò ráyè wọlé á dúró lójú fèrèsé. Iwin ń pe èèyàn lórúkọ nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó jẹ́ dá nìkan lọ tọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ò kàn sọ fún mi pé àwọn òyìnbó náà ní in ni."

Láti ọjọ́ yẹn, bí Màmá bá ti kírun Ayílà tán, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Ìyá Òyìnbó ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìyá Òyìnbó náà ń pe màmá mi ní Mummy, nítorí ohun tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu àwa yòókù nìyẹn, bẹ́ẹ̀ wọ́n dàgbà ju Màmá lọ dáadáa. Èdè kò pa wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbọ́ bàtà tó ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn nígbà tí iná ti kú, kò nílò ògbufọ̀. Wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú. Màmá á máa kìlọ̀ fún ọmọbìnrin inú rédíò pé kó má ṣílẹ̀kùn, ọmọbìnrin náà á sì ṣí i. Wọ́n á máa jiyàn lórí ẹni tó ṣe é. Ìyá Òyìnbó gbà pé dókítà ni lọ́jọ́ gbogbo. Màmá ní ọkọ ni, bí kò bá tiẹ̀ sí ọkọ nínú eré.

Ìyá Òyìnbó ṣàlàyé fún wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe ariwo wọ̀nyẹn: irin pẹlẹbẹ ni wọ́n ń mì fún àrá, èèpo àgbọn méjì ni ẹsẹ̀ ẹṣin, ewébẹ̀ ni wọ́n ń ṣẹ́ bí ọrùn bá fẹ́ ṣẹ́. Màmá gbádùn ìyẹn ju ohunkóhun lọ. Wọ́n wá sílé wa, wọ́n bu gààrí lọ, wọ́n sì ń rọra dà á sórí tíréè páànù lójú Ìyá Òyìnbó. Òjò ni lóòótọ́, òjò orí páànù Ìwó. Èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà gan-an, mo ṣe bí ẹni pé kí n sáré lọ kó aṣọ lórí okùn.

Òyìnbó tí Màmá gbọ́ níbẹ̀ náà ni wọ́n ń sọ níta. Bí ọmọ mi bá fẹ́ jáde láì fọ abọ́, wọ́n á na ìka sí i: "Nobody leaves this room!" Nọ́ọ̀sì bi wọ́n léèrè nípa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "I shall tell you everything." Nígbà tí òórùn ìjóná bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ibi tí mo ti ń dín dòdò, wọ́n ké láti yàrá: "Inspector, come at once!"

Ààwẹ̀ wọlé, ó sì rọrùn fún wọn, nítorí ẹ̀rù kì í jẹ́ kí èèyàn rántí ebi. Ìyá Òyìnbó kì í jẹ́ kí tíì kan àwọn náà lẹ́nu lójú Màmá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nírètí. Ní ọjọ́ ọdún, bí a ṣe ń jẹ ìrẹsì, mo rọra bi wọ́n nípa tíkẹ́ẹ̀tì.

"Mò ń lọ," ni wọ́n wí. "Mo fẹ́ràn wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ni ilé ń jẹ́. Ta ló ń ṣí fèrèsé mi níbẹ̀?"

Ọkàn mi bàjẹ́, mi ò parọ́. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, mo wà ní Brockley, fóònù mi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ibi iṣẹ́. Màmá ti sọ fún Ìyá Òyìnbó láti ọjọ́ tó ṣáájú pé àwọn kò ní wá lọ́jọ́ náà, àwọn fẹ́ pa aṣọ pọ̀. Wọ́n jókòó lórí ibùsùn, wọ́n ń ká aṣọ sínú àpò. Ìrun Ayílà ti kọjá. Kò sí bàtà lórí àtẹ̀gùn. Kò sí ilẹ̀kùn tó pa. Kò sí ìbọn.

Wọ́n kan ògiri, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Wọ́n jáde, wọ́n kan ilẹ̀kùn, wọ́n ṣí ihò tí wọ́n ń ju lẹ́tà sí, wọ́n pè, pè, pè. Wọ́n pè mí, fóònù mi ń dún nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn obìnrin ìsàlẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́. Ó wá ku Màmá àti nọ́ńbà ọlọ́pàá tí mo ti kọ́ wọn pẹ̀lú àdírẹ́sì wa bí ẹni kọ́ ọmọ iléèwé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n sì sọ òyìnbó tí wọ́n ní:

"Inspector, come at once. There is a body. Nobody leaves this room."

Ẹni tó bá sọ fún ọlọ́pàá pé òkú wà nílẹ̀, kò ní dúró pẹ́. Nígbà tí mo délé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún fún aṣọ ọlọ́pàá, ilẹ̀kùn Ìyá Òyìnbó ti fọ́. Mo rò pé Màmá mi ni. Lẹ́yìn náà ni mo rí wọn lórí àga tí ẹnì kan gbé jáde fún wọn, wọ́n ká ìborùn mọ́ra, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti gbé Ìyá Òyìnbó lọ sínú áńbúláǹsì. Egungun ìbàdí ló dá. Orí ilẹ̀ ilé ìdáná ni wọ́n wà láti àárọ̀, ara wọn ti tutù, ohùn wọn kò jáde mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n wà láàyè.

Ọlọ́pàá kan tó jẹ́ ọ̀dọ́ ló ń bi Màmá léèrè. "Did you hear her shout?"

"No," ni Màmá wí. "I hear nothing."

Ó wo ojú mi pé kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo ní ohun tí wọ́n sọ náà nìyẹn. Kò yé e, kò sì yé èmi náà.

Nígbà tí a kírun Magiribi tán, mo bu ẹ̀kọ gbígbóná fún wọn, mo jókòó tì wọ́n lórí ibùsùn láàárín aṣọ tí wọn ò tíì ká tán. Mo bi wọ́n ohun tí wọ́n gbọ́ gan-an.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Òun ni mo gbọ́." Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀kọ. "Mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Mo ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ ọ́ fún mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣubú ní Ìwó, kété lẹ́yìn ìrun Asubaa ni, orí ilẹ̀ balùwẹ̀ sì ni wọ́n wà títí oòrùn fi rọ̀, nígbà tí obìnrin kan wá pọnmi. Wọ́n pe èèyàn títí ohùn fi há. Rédíò wọn ni ò dákẹ́ ní pálọ̀ látàárọ̀, ó ṣe wáàsí, ó ka ìròyìn, ó polówó oògùn jẹdíjẹdí. Gbogbo ẹni tó ń kọjá gbọ́ ọ, wọ́n gbà pé ara ìyá le. Ẹnì kan tiẹ̀ kí wọn láti ìta pé, "Ẹ kú ìgbádùn o, Màmá!" ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Rédíò ló ń dáhùn fún mi," ni wọ́n wí.

Mo bú sẹ́kún. "Ẹ ní ẹ yọ̀ ni. Ẹ ní kò tó nǹkan."

"Àbí mi ò yọ̀ ni? Ṣé mo parọ́ ni?" Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú mi bí ẹni pé mo ṣì jẹ́ ọmọ kékeré. Wọ́n wo ògiri. Wọ́n wo àpò. Wọ́n wá fa aṣọ àkọ́kọ́ jáde nínú rẹ̀, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n sì jù ú sí mi lẹ́sẹ̀ pé kí n fi há kọ́bọ́ọ̀dù.

"Pe àwọn tó ni ọkọ̀ òfúrufú yẹn," ni wọ́n wí. "Sọ fún wọn pé inspector ti sọ̀rọ̀. Nobody leaves this room."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, n kò mọ èyí tó pọ̀jù níbẹ̀. Inú mi dùn.

Ìyá Òyìnbó ti padà sílé, pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń rìn. Bí Màmá bá ti jí kí Asubaa, wọ́n á kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì, wọn kì í tẹ́ ẹní ìkírun títí ẹ̀gbẹ́ kejì yóò fi dáhùn. Ìyá Òyìnbó kì í ráhùn pé wọ́n ń jí àwọn.

Mo ń kọ èyí lọ́sàn-án Saturday, mi ò lọ síbi iṣẹ́. Ìbọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dún lẹ́yìn ògiri. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo nǹkan dákẹ́, mo sì rí i pé mo ti gbé bírò sílẹ̀, mo yí etí sí ògiri, mò ń retí. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ ohùn Màmá.

"Mo wí fún yín! Ọkọ ni!"